Ogún Bébà Tí Wọ́n Ṣẹ́ Sí Méjì

Ìyàwó mi kú nítorí ogún bébà owó tí ẹnì kan ṣẹ́ sí méjì. Mo fẹ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, àti ohun tí mo ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kò gùn.

Iṣẹ́ dídi ìwé ni mo ṣe fún ọdún mọ́kànlélógójì. Àwọn atẹ̀wé á kó abala bébà ńláńlá wá, èmi á ṣẹ́ wọn, màá rán wọn, màá lẹ ẹ̀yìn wọn. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi kọ́ mi ni pé bébà tí a bá ṣẹ́ sí méjì, etí méjì ló ní. Bí o bá ń ka etí, ó di méjì. Bí o bá ń ka bébà, ọ̀kan ṣoṣo ni. "Má ka etí," ló máa ń wí. "Tú u, kí o ka bébà." Èmi náà sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Àwọn mìíràn nínú wọn jẹ ìbáwí kó tó wọ̀ wọ́n lórí.

Ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn, inú ìyàwó mi wú. Dókítà wa ní ohun tó wà níbẹ̀ ju agbára òun lọ, kí a sọdá ààlà. Ilé ìwòsàn tó wà ní òdìkejì ní ẹgbẹ̀rún méjì owó tiwọn ni àwọn máa gbà kí abẹ tó kan ara. Mo ta ẹ̀rọ tí mo fi ń gé bébà. Mo kó owó náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ owó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ àwọn tó ń sọdá.

Ibẹ̀ kò yí padà títí dòní. Pèpéle síméńtì gígùn kan ni, páànù lórí rẹ̀, tábìlì mẹ́rìnlá lábẹ́ páànù. Pátákó dúdú kékeré kan wà lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye sí i, ìyẹn iye owó wa tí wọ́n máa gbà kí wọ́n tó fún èèyàn ní ẹyọ kan owó òdìkejì. Pátákó tí iye rẹ̀ bá kéré jù ló sàn jù fún arìnrìn-àjò. Ṣùgbọ́n bákan náà ni gbogbo wọn sábà máa ń kọ.

Ẹni tó wà ní tábìlì kẹsàn-án ni wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ kì í wọlé. Ó rọra pè mí, ó ní òun á dín in kù fún mi nítorí ewú orí mi. Ó ka ọgọ́rùn-ún bébà sílẹ̀ lójú mi, ogún-ogún. Ó pé. Ó ní kí òun fi rọ́bà dè é kó má baà tú dànù lọ́nà. Ó tẹ̀ ẹ́ po, ó dè é, ó ní kí n tún un kà.

Bọ́ọ̀sì ń fọn fèrè. Ìyàwó mi wà nínú rẹ̀, ó ti aṣọ ìnujú bọ ẹnu kí àwọn èrò má baà gbọ́ bó ṣe ń kérora. Mo fi àtàǹpàkò tẹ etí owó náà, mo kà á. Ọgọ́rùn-ún.

Mo ka etí. Èmi. Wọ́n ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Tèmi burú ju ti ọ̀bẹ lọ.

Lójú fèrèsé ìsanwó ilé ìwòsàn náà, obìnrin kan tú rọ́bà. Ọgọ́ta bébà tẹ́jú. Ogún ló ṣẹ́ sí méjì. Ọgọ́rin bébà ni gbogbo rẹ̀; ó ti yọ ogún nígbà tó ń dè é. Irinwó ló dín. Ó ní kí n lọ mú un wá.

Mi ò mọ ẹnì kankan nílùú náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá irinwó. Mo ta aago ọwọ́ mi. Mo ta bàtà mi. Mo fọ mọ́tò fún àwọn èèyàn láìwọ bàtà. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Dókítà jáde wá, ó ní, "Bàbá, ká ní ọjọ́ kìíní ni."

Wọ́n dá díẹ̀ padà fún mi nínú owó náà. Bébà kan nínú rẹ̀ ṣì ní ojú ìṣẹ́po láàárín. Mo fi sáàárín ìwé kan. Ó wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ bá alága àwọn tábìlì náà. Obìnrin gíga kan ni, agogo ọwọ́ kan wà lórí tábìlì rẹ̀ tó máa ń lù láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Mo rò fún un. Ó gbọ́ mi dópin.

"Ṣé ẹ kà á kí ẹ tó sọ̀ kúrò lórí síméńtì?"

"Mo kà á."

"Ó ti tán nìyẹn, Bàbá. Ẹsẹ̀ tó bá ti kúrò lórí síméńtì, ẹnu rẹ̀ ti kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ó dùn mí o. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin."

Ẹlẹ́rìn-ín wà ní tábìlì kẹsàn-án, ó ń rẹ́rìn-ín sí obìnrin kan tó pọn ọmọ.

Mo lọ sílé.

Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ojú ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Obìnrin ni, aránṣọ, òun nìkan ni ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún mi. Ojú òsì kú tán. Ọ̀tún ń tẹ̀ lé e. Ilé ìwòsàn kan náà, lódìkejì, ní àwọn lè dá a dúró bí a bá dé ní Ọjọ́bọ̀, nítorí ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta ni oníṣẹ́ abẹ ojú máa ń wá. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni wọ́n ń gbà báyìí.

Ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ méjèèjì. Mo ta ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà méjìdínlógóje owó wa. Àádọ́ta ló wà lórí gbogbo pátákó ní ọ̀sẹ̀ náà. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀. Òjìlénígba ni yóò dín.

"Ká yá a, Bàbá," ọmọ mi wí.

"Lọ́wọ́ ta ni?"

Kò sí ẹni tó kù tí a ò tíì kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Mo tún pẹ́ńsù mú. Bí ẹnì kan bá lè tà á fún wa ní mẹ́rìndínláàádọ́ta, yóò pé géérégé. Kò ní dín, kò ní lé. Mo sì mọ ẹnì kan tó máa ń pe irú iye bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé òun á jí i padà ló lè ta owó ní ọ̀pọ̀.

Mo fi pẹ́ńsù sílẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù atúnbàtàṣe kan kọjú sí pèpéle náà. Mo jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ kẹta, atúnbàtàṣe ní, "Bàbá, bàtà yín yìí ò mà bàjẹ́ tó báyìí."

"Ó ń bàjẹ́ lọ," mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín, ó bu omi fún mi mu, kò béèrè mọ́.

Mo ń wo Ẹlẹ́rìn-ín. Àádọ́ta ló máa ń kọ sára pátákó bíi ti àwọn yòókù. Bí ẹni tó ń kánjú bá kọjá, pàápàá ẹni tó gbé aláìsàn tàbí tó gbé ọmọ dání, á pè é, á sọ̀rọ̀ sí i létí. Ohun tó ń sọ kò sí lára pátákó. Á kà, á dè é, á ní kí onítọ̀hún tún un kà. Wọn kì í tú rọ́bà. Àṣà ibẹ̀ ni, pé ẹni tó bá tú rọ́bà pe oníṣòwò lólè. Wọ́n á ka etí, wọ́n á sáré sọ̀ kúrò lórí síméńtì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ẹni tábìlì kẹrin ṣèèṣì kọ ogójì nígbà tó yẹ kó kọ àádọ́ta. Kí ó tó fura, agogo òwúrọ̀ ti dún, èèyàn méjì sì ti dúró níwájú rẹ̀. Ó tà á bẹ́ẹ̀ títí ọ̀sán. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́.

Mo bi atúnbàtàṣe. Ó ní, "Ohun tí ṣọ́ọ̀kì bá kọ kí agogo ọ̀sán tó dún, ẹni tó kọ ọ́ ló máa jẹ ẹ́. Ó lè dín iye kù, kò lè fi kún un. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé owó wá, ó gbọ́dọ̀ tà fún un. Bí kò bá lè tà á, wọ́n á dojú tábìlì rẹ̀ dé. Kò ní jókòó níbẹ̀ mọ́ láyé."

"Tó bá jẹ́ ẹnu ló fi sọ ọ́ ńkọ́?"

"Ẹnu? Ẹnu kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì, Bàbá."

Mo san owó bàtà, mo dìde.

Má-Sáré ni mo lọ bá lẹ́yìn ìyẹn. Awakọ̀ ni, ohun tó kọ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Òun ló gbé wa sọdá nígbà náà. Òun náà ni yóò gbé wa lọ́jọ́ Ọjọ́rú.

"Èrò mélòó?" mo bi í.

"Méjìdínlógún, pẹ̀lú ẹ̀yin méjèèjì."

"Níbo ni wọ́n ti máa pààrọ̀ owó?"

"Níbi tó bá wù wọ́n. Ìdajì wọn á bọ́ sọ́wọ́ Ẹlẹ́rìn-ín. Mo máa ń kìlọ̀ fún wọn, Bàbá. Ẹ̀dínwó dùn létí ju ìkìlọ̀ lọ."

"Lọ́jọ́ náà, sọ fún wọn kí wọ́n mú sùúrù. Kí wọ́n má pààrọ̀ kọ́bọ̀ títí màá fi ṣí fìlà mi."

Ó wò mí. "Ṣé ti màmá ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èmi ni mo ń fọn fèrè lọ́jọ́ náà."

"Mo mọ̀."

Ó fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀ títí, ọwọ́ náà sì mọ́ tẹ́lẹ̀. "Ẹ ṣáà ti ṣí fìlà," ló wí.

Mi ò sọ fún ọmọ mi. Ojú rẹ̀ ni kó gbájú mọ́.

Ọjọ́rú, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, a gun orí síméńtì. Mo di ọmọ mi lọ́wọ́ mú. Agogo òwúrọ̀ ti dún. Àádọ́ta, àádọ́ta, àádọ́ta, láti tábìlì kìíní dé ìkẹrìnlá. Má-Sáré àti àwọn èrò rẹ̀ wà nídìí bọ́ọ̀sì.

Ẹlẹ́rìn-ín ti sanra. Eyín kan ti yọ, ìyókù ṣì wà níta.

"Bàbá mi! Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jókòó, ẹ sinmi. Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o, ẹ jókòó síbí. Ṣé ẹ̀ ń sọdá ni?"

Kò dá mi mọ̀. Mo ti rò pé yóò dá mi mọ̀.

Mo gbé àpò lé tábìlì, mo ṣí ẹnu rẹ̀ kí ó rí inú. Ó rí i. Ó tẹ̀ síwájú, ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́: "Gbogbo wọn ń tà á ní àádọ́ta. Èmi á fún yín ní mẹ́rìndínláàádọ́ta. Nítorí ewú orí yín."

Gbólóhùn kan náà. Ọdún mọ́kànlá, kò pààrọ̀ rẹ̀.

Mo fi ọwọ́ ká etí. "Kí lo wí?"

"Mẹ́rìndínláàádọ́ta, Bàbá."

"Sọ ọ́ sókè, ọmọ mi. Etí mi ti di."

Ọmọ mi yíjú sí mi. Ó mọ̀ pé bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ òun ní yàrá kejì, mo máa ń gbọ́ ọ. Ó tún yíjú padà.

Ẹlẹ́rìn-ín wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò lè pariwo rẹ̀. Ó yọ fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ó nà án sí mi.

"Èèrà wo lò ń fi hàn mí yìí?" mo wí. "Ojú mi ò rí nǹkan kékeré."

"Iye ni, Bàbá, iye ni."

Mo pa ẹnu àpò dé. "Ẹni tábìlì kìíní jọ ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè. Jẹ́ kí n lọ bá a."

"Ẹ dúró! Ẹ dúró ná, Bàbá. Ìkánjú kí lẹ̀ ń kán?" Ó fa pátákó mọ́ra. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu àádọ́ta, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ mẹ́rìndínláàádọ́ta gàgàrà, ó kọ ojú rẹ̀ sí mi. "Ṣé ẹ rí i báyìí?"

"Mo rí i."

Mo ṣí fìlà.

Ohùn Má-Sáré la páànù kọjá. "Tábìlì kẹsàn-án o! Mẹ́rìndínláàádọ́ta ló kọ sílẹ̀ o! Ẹ̀yin èrò mi, mẹ́rìndínláàádọ́ta rèé, ẹ sáré!" Ẹni tí kì í sáré ló ń pè wọ́n pé kí wọ́n sáré. Wọ́n sáré. Èèyàn mẹ́rìndínlógún tò sẹ́yìn wa.

Ọwọ́ Ẹlẹ́rìn-ín lọ sí pátákó. Agogo dún gan-an-ran.

Alága ti dìde. Ó ti darúgbó, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò tẹ̀. "Ta ló fẹ́ nu pátákó kí ọ̀sán tó pọ́n?"

"Ìyá, àṣìṣe ni. Bàbá yìí ò gbọ́ràn, mo kàn kọ ọ́ kí ó lè..."

"Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni, ṣùgbọ́n..."

"Ṣọ́ọ̀kì rẹ ni?"

Ó wo ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀.

"Tà á títí ọ̀sán," Alága wí. "Òfin ni òfin."

Ó wò mí. Mi ò mọ̀ bóyá ó rántí mi. Ó pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò.

Ẹlẹ́rìn-ín ka tiwa. Àádọ́jọ bébà, ogún-ogún. Ó dè é ní ìdì méjì. Ó ṣì rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ọ̀nà ṣì wà. "Ẹ tún un kà, Bàbá."

Mo fa rọ́bà yọ.

"Háà! Wọn kì í tú rọ́bà níbí, Bàbá. Ìwọ̀sí ni o."

"Èmi máa ń tú u."

Mo gbé ìdì kan fún ọmọ mi. Kò ríran dáadáa, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ti fi ogún ọdún mọ ìṣẹ́po aṣọ. Ìka náà rìn lórí owó náà, ó dúró.

"Bàbá, ọ̀kan ṣẹ́ sí méjì níbí." Ìka tún rìn. "Òmíràn rèé." Ó yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sórí tábìlì. Méjìlá nínú tirẹ̀. Mẹ́jọ nínú tèmi.

Ogún.

Obìnrin kan lẹ́yìn wa pòṣé gígùn. "Ọlọ́run ò! Ibi tí mo ti pààrọ̀ owó lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún tó kọjá nìyí!"

"Ìdí nìyẹn tí owó ẹ fi máa ń rù tó bá dé ẹnubodè," ẹnì kejì dá a lóhùn. "O ní àjẹ́ ilé yín ni."

"Ẹsẹ̀ wọn ṣì wà lórí síméńtì," Alága wí láti ìdí tábìlì rẹ̀. "San án pé."

Ó san án pé. Àádọ́jọ bébà títẹ́jú. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Mo fi í sínú àpò àyà mi, mo fi bọ́tìnnì dè é. Ojú ọmọ mi wà nínú àpò náà.

Ó yẹ kí a lọ sínú bọ́ọ̀sì nígbà náà. Mo fa àga, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Ẹlẹ́rìn-ín, mo jókòó tì í.

"Kí lẹ tún ń dúró ṣe, Bàbá?"

"Mò ń sinmi. Ìwọ lo ní kí n sinmi."

Ìdì tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, mo gbà á, mo tú rọ́bà, mo tẹ́ ẹ, mo kà á bébà kan sí bébà kan, mo gbé e fún ẹni tó ni ín. Ìgbà tó di ẹnì kẹta, kò ṣẹ́ nǹkan kan mọ́. Ìgbà tó di ẹnì kẹfà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ṣọ́ọ̀kì.

Ó tẹ̀ sí mi létí. "Bàbá, ẹ gbọ́. Ẹ sọ fún Alága pé ẹ̀yin lẹ tàn mí kọ ọ́. Ẹyọ gbólóhùn kan ni. Á jẹ́ kí n nù ún. Màá fún yín ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta owó òdìkejì. Lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí ojú ọmọ yín yìí, Bàbá."

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta á bọ́ wa fún oṣù kan lọ́hùn-ún. Oúnjẹ ni, ilé ni, oògùn ni. Mo mọ̀. Ọmọ mi náà gbọ́ ọ. Ó di apá mi mú.

Mo fi ọwọ́ ká etí.

"Kí lo wí? Etí mi ti di."

Ọwọ́ ọmọ mi fún apá mi. Kò fà á.

Ní ẹnì kẹwàá, owó òdìkejì tán lọ́wọ́ Ẹlẹ́rìn-ín. Ó sáré lọ bá tábìlì kẹjọ kí ó ta díẹ̀ fún òun.

"Àádọ́ta ni o," ẹni tábìlì kẹjọ wí.

"Ṣé èmi náà lò ń tà á fún ní àádọ́ta? Ẹgbẹ́ ẹ?"

"Ọ̀rẹ́ mi, wo pátákó mi. Ṣọ́ọ̀kì ti kọ ọ́." Ó yíjú sí tábìlì keje, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. "Lọ́jọ́ tí àwọn èrò wá bú wa nítorí ẹ, ta lo dín in kù fún?"

Ó rà á ní àádọ́ta, ó tà á ní mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ó tún rà, ó tún tà. Owó tiwa tó ń gbà lọ́wọ́ èrò ló ń kó fún àwọn tábìlì yòókù, ó sì ń fi tara rẹ̀ kún un. Àpótí rẹ̀ gbẹ. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e fún tábìlì kẹwàá. Mo wo aago náà. Ó dára ju tèmi lọ.

"Ọjọ́ gbogbo ni tolè," Má-Sáré wí nísàlẹ̀, ó fi ara ti bọ́ọ̀sì, ó ń jẹ ẹ̀pà. "Ìyókù, ẹ parí ẹ fúnra yín."

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí ọ̀sán pọ́n. Ẹni tó kẹ́yìn jẹ́ obìnrin kan tó ń lọ ra ẹ̀rọ ìlọta. Ó gbé owó wa lé tábìlì, ìdì mẹ́sàn-án, ó fọwọ́ gbá a lórí. "Ẹ kà á fún mi, Bàbá tó mọ̀wé."

Ẹlẹ́rìn-ín wo owó náà. Ó wo àpótí rẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí aago kò sí mọ́. Kò sí ẹni tó gbà láti yá a. Adìyẹ ti bà lókùn.

"Kò sí mọ́," ló wí.

Alága fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Òun àti ẹni tábìlì kẹjọ dojú tábìlì kẹsàn-án dé, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjú sí páànù. Wọ́n kó ìdì mẹ́sàn-án obìnrin náà fún un. Alága mú pátákó, ó nù ún mọ́.

Ẹlẹ́rìn-ín dúró sójú kan. "Bàbá," ló wí. Ohùn rẹ̀ ti kéré. "Mo ti rí i pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ni. Kí ni mo fi ṣe yín?"

Mo mú ìwé mi jáde nínú àpò, mo yọ bébà náà kúrò nínú rẹ̀. Mo tú u síwájú rẹ̀, kí ojú ìṣẹ́po rẹ̀ hàn.

"Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Irinwó. Obìnrin kan wà nínú bọ́ọ̀sì, aṣọ ìnujú wà lẹ́nu rẹ̀."

Ó wo bébà náà pẹ́. Mo rí i pé ó ń wá a lọ́kàn rẹ̀. Ó ń wá a tọkàntọkàn. Kò rí i.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ló wí. "Wọ́n pọ̀."

Mo ti ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Mo ti tò ó fún ọdún mọ́kànlá, ní òru àti ní ọ̀sán. Kò wúlò. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé.

Ọmọ mi na ọwọ́, ó wá bébà náà títí ó fi kan ojú ìṣẹ́po. "Ṣé màámi nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Kò sunkún. Ó gbé ojú tó kù sókè sí ọkùnrin náà. "Ẹ rẹ́rìn-ín," ló wí.

"Ẹ̀gbọ́n..."

"Wọ́n ní Ẹlẹ́rìn-ín lorúkọ yín. Ẹ rẹ́rìn-ín kí n rí i. Ojú mi ò ní pẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ara ohun tí mo rí kẹ́yìn."

Ó pa ètè dé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ètè rẹ̀ tó pàdé.

Agogo ọ̀sán dún. A sọ̀ kalẹ̀ lórí síméńtì. Má-Sáré ti ṣí ilẹ̀kùn. Kò fọn fèrè. Láti ibẹ̀ dé ẹnubodè, kò fọn ún lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní Ọjọ́bọ̀. Ojú ọ̀tún dúró. Ti òsì ti lọ kó tó di pé a dé, kò padà. Ọmọ mi ń fi ọ̀kan ránṣọ. A jẹ gbèsè lọ́hùn-ún nítorí oúnjẹ àti ilé, ọdún kan àbọ̀ la fi san án. Nígbà tí a ń san án, ó bi mí lẹ́ẹ̀kan bóyá mi ò rò pé ó yẹ kí n gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọjọ́ náà.

"Rárá," mo wí.

Ó fi eyín gé òwú. "Èmi náà," ló wí.

Ẹlẹ́rìn-ín ti di ẹni tó ń gbé àwo ọjà rìn lẹ́nu géètì ibùdókọ̀. Ìṣáná, abẹ́rẹ́, bátìrì, ọṣẹ. Mo máa ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Mo máa ń kí i dáadáa, mo máa ń béèrè àlàáfíà ilé rẹ̀. Mo máa ń ra páálí ìṣáná kan, mo máa ń fún un ní owó tó tóbi jù. Ó ní láti lọ wá ṣéńjì kiri. Bó bá dé, mo máa ń tẹ́ ṣéńjì náà sórí àwo rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo máa ń fi ìka na bébà kọ̀ọ̀kan, mo máa ń kà á sókè kí àwọn tó ń kọjá gbọ́. Ó máa ń dúró. Kò ní ibòmíràn tó máa lọ.

"Bàbá, ìṣáná ti kún ilé," ọmọ mi wí níjọ́sí. "Sítóòfù wa gan-an ò lo ìṣáná."

"Kì í bàjẹ́," mo wí.

Nígbà mìíràn, ẹni tó wà lẹ́yìn mi á pariwo pé kí n kánjú, Bàbá, bọ́ọ̀sì ti fẹ́ gbéra. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi kì í kúrò níwájú rẹ̀ láìkà á tán.